Ta Ló Ń Kí Wa Lójú Ewé Ìkíni?

Irọ́ tí ẹnì kan kò ní bini léèrè kì í wúwo lẹ́nu. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ni Lájídé ti ń pa láti ọdún méjì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà ní Kabba, òun nìkan ló sì kù nínú ilé náà. Theresa ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ wà níbi iṣẹ́ wọn, Kérésìmesì sí Kérésìmesì ni wọ́n ń pè. Ẹ jẹ́ ká má fi bò, ìdákẹ́jẹ́ ilé náà ń jẹ ẹ́ lẹ́ran ara.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tó jọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìkànnì ẹgbẹ́ ìlú, èyí tó ti ń bójú tó fún ọdún mẹ́tàlá. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ fún ìkíni nìkan. Ọmọ ìlú tó bá wà ní Jọ́ọ̀sì tàbí Lọ́ndọ́nù á wọlé, á kọ "Okun o," bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa, ẹni tó bá rí i á sì dá a lóhùn. Àbí ẹ ò mọ̀ wá ni? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí a kí tí kò dáhùn, ìjà ló ń wá. Nígbà kan, ojú ewé náà máa ń kún láàárọ̀ bí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wasáàpù dé, gbogbo wọn bá ṣí lọ. Lájídé ń kọ "Okun o" lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó fèsì.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lóhùn. Orúkọ Theresa ló kọ́kọ́ fi dáhùn. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́ ó tún kọ ọ́. Kò pẹ́ tó fi orúkọ Friday kún un. Òun àti Friday jọ ṣe tíṣà ní Ògìdì kí Friday tó kó lọ sí Kánò. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti gbúròó ara wọn gbẹ̀yìn, Lájídé sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Friday náà ti kú.

Àfi bí ẹgbẹ́ ṣe ní ìkànnì náà ti gbó, pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Naomi, ọmọ ìlú Iyara tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àbújá, ni wọ́n gbé e fún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí pálọ̀ Lájídé, kí wọ́n jọ yan ohun tí wọ́n máa kó lọ sí ìkànnì tuntun.

"Bàbá, ojú ewé tí èèyàn kì í dé mọ́, a ò ní gbé e lọ."

Bí ojú ewé yẹn bá lọ, ta ni yóò máa kí Lájídé? "Ti ìkíni kò kú o!" ló yára sọ. "Wọ́n kí láàárọ̀ yìí náà!"

Naomi ṣí àkọsílẹ̀ tó ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá hàn. Ó wò ó títí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi kọ ọ́, Bàbá. Kabba níbí ni. Ta ni Màmá Theresa?"

Ó lè purọ́ sí i. Àgbàlagbà kì í ṣàìrí irọ́ pa. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ìyàwó mi ni. Ó ti kú. Èmi ni mò ń kọ ọ́, ọmọ mi. Èmi ni gbogbo wọn." Ojú tì í débi pé ilẹ̀ ló ń wò. "Pa á rẹ́. Kò séèyàn níbẹ̀."

Naomi kò rẹ́rìn-ín, kò sì pa á rẹ́. Ó ń wo àkọsílẹ̀ náà lọ ní tiẹ̀. "Ó ku ẹyọ kan, Bàbá. Kánò ni èyí ti wá, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Friday ni wọ́n kọ sí i."

Lájídé fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ti rí orúkọ yẹn nígbà náà, ó rò pé èyí tóun fúnra òun kọ ni, ó bá kọjá lára rẹ̀. Ó wá kà á báyìí: "Lájídé, mo bá orúkọ mi níbí, tó ń kí ọ lójoojúmọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo ní àbí orí mi ti ń dàrú. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, pè mí." Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Yéè! Oṣù mẹ́jọ!" ni Lájídé ké. "Èèyàn kí mi, mi ò dáhùn!"

Naomi ló bá a tẹ nọ́ńbà náà. Ó dún títí kí ohùn kan tó ti há tó dáhùn.

"Friday, èmi ni. Lájídé."

"Oníranù ni ọ́," ni Friday wí. "Láti ọdún méjì tí mo ti ń kí ọ yìí, kí ni mo máa ń sọ?"

"O máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun."

"Ṣé o ti wá jẹun?"

"Rárá," ni Lájídé wí, ó bá bú sẹ́kún.