Àyè Ẹni Mẹ́ta

Ẹ má bi mí bóyá mo gbà pé òkú máa ń padà wálé. Oníṣirò owó ni mí. Ohun tí mo bá rí ni mo máa ń gbà gbọ́. Ohun tí mo sì rí lójú kọ̀ǹpútà mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pé ẹ̀gbọ́n mi, tí a ti sin, ti wọlé síbi iṣẹ́ ṣáájú mi.

Ilẹ̀kùn àti fèrèsé onígíláàsì là ń ṣe. Màmá wa ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń lọ wọn ojú fèrèsé nílé àwọn oníbàárà, bó ṣe di pé tọmọdé tàgbà ń pè é ní Oníwọ̀n nìyẹn. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ. A jọ jà dàgbà ni, ẹ má bínú tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹgbẹ́ mi. Òun náà ló sọ mí ní Ata Wẹ́wẹ́, nítorí ẹnu mi. Ìyàwó rẹ̀, tí mò ń pè ní Ìyàwó wa, ló ń mójú tó yàrá ìkẹ́rùsí.

Nínú sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣírò owó, orúkọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà létí kan. Ẹni tó bá ti wọlé, iná kékeré aláwọ̀ ewé á tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. N kò rí ọkàn yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, iná rẹ̀ tàn. Mo fi etí aṣọ nu ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Kò kú. Ní ọ̀sán, ó kú fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún tàn, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí.

Mo ti ń wá ibi tí a máa kó àkáǹtì inú sọ́fítíwíà náà lọ kó tó di ìgbà náà. Yàrá ẹ̀gbọ́n mi ni kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé gbogbo iṣẹ́ wa dúró wà. Ó ti gbó, ó máa ń kérora, ó sì ti dákú lójú àwọn oníbàárà rí, tí a ń wo ara wa bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù. Gbogbo èèyàn ní kí n lọ sórí kíláòdù, ìyẹn ni pé kí a yá àyè lára kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan níbi jíjìn, kí a sì máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀. Àkọ́kọ́ tí mo rí, owó pọ́ọ́kú ni, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ẹni pamọ́. Bó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Èkejì dára. Lóòótọ́, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n iye tí àwọn yìí ń pè, ó fẹ́ẹ̀ pa alásè náà mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ló bá apò wa mu. Wọ́n ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ lójoojúmọ́, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló sì ń gbé fóònù wọn. Ohùn ọkùnrin náà dùn débi tí mo fi sọ ọ́ ní Olóhùn-Oyin. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: orí ni wọ́n fi ń ka owó. Ẹni mẹ́ta ní iye tirẹ̀. Bí ẹ bá ti di mẹ́rin, ti ẹni mẹ́wàá lẹ máa san.

Òun ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ iná náà fún.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má jáyà, mà. Kọ̀ǹpútà ńlá yẹn ló ń wọlé fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kó gbogbo ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, kẹ́ ẹ kàn pa á. Ó tán."

Ara tù mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ súre fún ìyá tó bí i. Mo gbé fóònù lọ bá Màmá ní ọ́fíìsì wọn, mo ṣí ohùn rẹ̀ síta kí a lè jọ parí ọ̀rọ̀. Ìyàwó wa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Olóhùn-Oyin ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ máa lò ó, mà?"

"Àwa mẹ́ta."

Màmá gbójú sókè. "Ta ló ní kó o kà wá? Ṣé wọ́n ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?"

"Màmá, iye àyè ni wọ́n ń bèèrè."

"Mẹ́rin ni wá."

"Bá a bá ti ní mẹ́rin, owó ẹni mẹ́wàá nìyẹn o! Níbo la ti fẹ́ rí i?"

Olóhùn-Oyin wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kẹ́ ẹ kàn yọ ẹnì kan kúrò."

Màmá ronú díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ yọ tèmi."

Inú bí mi. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ilé iṣẹ́!"

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ata, mo ní yọ ọ́. Má fọwọ́ kan ti ẹ̀gbọ́n ẹ."

Mo rò pé ìrántí lásán ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ náà ṣe, bí ẹni gbé fọ́tò kọ́ ara ògiri. Mo yọ tiwọn lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wọn. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Màmá tún gíláàsì ojú wọn ṣe, wọ́n wo bí orúkọ wọn ṣe pòórá, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

A kó àkáǹtì lọ, láìsí wàhálà. Èmi fúnra mi ni mo fa wáyà kọ̀ǹpútà ńlá yọ. Lọ́jọ́ kejì mo fọkàn balẹ̀ jókòó. Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, iná Oníwọ̀n sì ti tàn.

Orí mi wú. Bí mo ṣe ń wò ó, ìwé kékeré yọ lójú kọ̀ǹpútà, láti ọwọ́ rẹ̀: "Tún un wọ̀n kó o tó gé e." Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo wa nìyẹn nígbà tó wà láyé.

Kí n tó lè mí, Ìyàwó wa figbe ta láti yàrá ìkẹ́rùsí. Ó sáré wọlé.

"Àǹtí, ẹ gbà mí o! Ọkọ mi ń kọ̀wé sí mi! Ó ní ṣé mo ti jẹun!" Ó jókòó sílẹ̀. "Àràárọ̀ ló máa ń bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí oorun sùn ni, Àǹtí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà pé ó ti lọ."

Mo dìde, mo lọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti fa kọ́tìnì dí fèrèsé. Màmá ló jókòó sórí àga rẹ̀, téèpù ìwọ̀n rẹ̀ lọ́rùn wọn, kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lórí itan wọn.

"Màmá, ẹ̀yin ni?"

Wọn kò yíjú. "Màmá ti lọ. Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn!"

"Látọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ ti jábọ́ lórí àkàbà ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ kí ikú mú mi dípò ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ọkùnrin orí fóònù yẹn nìkan ló ní ká yọ ẹnì kan. Mo ní kẹ́ ẹ yọ mí, ẹ sì yọ mí." Ohùn wọn balẹ̀, bí ẹni tí ọjà tà fún. "Ẹni ọmọ sin ló bímọ."

Èmi tí wọ́n ní ẹnu mi mú, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà.

"Màá pe ọkùnrin náà báyìí. Màá ra ti ẹni mẹ́wàá, Màmá. Àyè á gba gbogbo wa."

"Má fowó ṣòfò."

Ẹkún wá gbọ̀n mí. "Èmi ńkọ́, Màmá? Ṣé èmi ò lè sin yín ni? Ṣé èmi kì í ṣọmọ ni?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wò mí, pẹ̀lú àánú. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìka kan. Fóònù mi dún lọ́wọ́ mi. Oníwọ̀n ló kọ̀wé sí mi.

"Má sunkún mọ́, Ata Wẹ́wẹ́. Bá mi tọ́jú Màmá."

Mo gbójú sókè. Màmá ń wò mí, wọ́n ń retí kí n dá a lóhùn.