Àwòrán Tó Gbé Tchaada Mì

Ọjọ́ méjìlá ni Ràúfátù fi gun alùpùpù kiri agbègbè Ifangni ní Benin, láti Banigbé dé Igolo, tó ń ka ẹ̀rọ omi ibi kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti kú. Ní Tchaada, méje ti kú nínú mẹ́sàn-án. Ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ìjábọ̀ àjọ tó ń bá ṣiṣẹ́: ọ̀pá kan fún ibì kan, orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, apá tó bàjẹ́ nìkan ló kùn ní pupa.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣèpàdé lórí ìjábọ̀ náà pẹ̀lú mairie, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló tó rí ohun tí Séraphin, ọ̀gá rẹ̀ ní àjọ náà, fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọ̀pá ti di òbìrìkìtì kan, àwọ̀ mẹ́wàá nínú rẹ̀, òjìji lábẹ́ rẹ̀.

“Ọ̀gá, Tchaada dà?”

“Ó wà nínú ‘autres’, àwọn yòókù, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Tìrẹ dà bí iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ fẹ́ ohun tó rẹwà.”

“Ibi tó burú jù lẹ fi pa mọ́ yẹn.”

“Bon, jókòó. Ìpàdé fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Ó jókòó. Séraphin gbé àwòrán náà sára ògiri kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Àwọn ará mairie ń mi orí pé ó dáa. Fáyẹ́misí, ìyá àgbà tó wá ṣojú Tchaada, bá dìde.

“Ọmọ mi, níbo la wà níbẹ̀?”

Séraphin nawọ́ sí apá kan, ó tún nawọ́ sí òmíràn. Òun pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Ràúfátù ti dé ìdí pátákó. Ó mú ẹfun. Ó kọ Tchaada, ó fa ìlà mẹ́sàn-án síwájú rẹ̀, ó sì fa ìlà dábùú méje nínú wọn. Fáyẹ́misí sún mọ́ ọn, ó ń fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ṣé ti ilé ìgbẹ̀bí wà níbẹ̀?”

“Ó wà lára àwọn tó kú, Ìyá.”

“Omi odò la fi ń wẹ ọmọ tuntun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.”

Àgbà ará mairie kan pa ìjábọ̀ náà dé. “Ẹ lọ tún un ṣe. Bí ẹni tọ́rọ̀ kàn ò bá rí ara rẹ̀ níbẹ̀, a ò ní buwọ́ lù ú.”

Níta, Séraphin ní, “O dójú tì mí.”

“Mo ti sọ fún yín kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.” Kò tọrọ àforíjì.

Wọ́n tún ìjábọ̀ náà ṣe, mairie sì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún ẹ̀rọ mẹ́rin ṣe ní Tchaada. Ti ilé ìgbẹ̀bí kò sí lára wọn. Bí Ràúfátù ṣe gbọ́, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó forí lé mairie láti lọ béèrè ìdí rẹ̀, kò sì gbààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.