Ìdajì Tí Àtẹ Náà Kò Kà

Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Okeluse ni àwa obìnrin ìjọ ti sá kòkó náà, igba àpò. Àdéhùn wa pẹ̀lú oníbàárà kò le: tí àpò tí omi rẹ̀ kọjá mẹ́jọ lójú ẹ̀rọ tó ń wọn omi kòkó bá ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ rẹ̀ á padà sí Ọ̀wọ̀ lófìfo. Màmá Margaret, olórí wa, ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé kòkó wa gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀, Tíṣà Ọláyọ̀, ọmọ Àkókó tó ń kọ́ ìṣirò níbí, bá wa wọn ọgbọ̀n àpò. Àárín gbogbo rẹ̀ jẹ́ méje, àwọn àpò sì sábà ń fi ààbọ̀ jìnnà sí i. Mẹ́jọ fi odidi kan ju méje lọ, ìyẹn ààbọ̀ lọ́nà méjì, nítorí náà iye tí àwọn oníṣirò ń pè ní z jẹ́ méjì. Ó fa ojú ìwé àtijọ́ kan yọ láti ẹ̀yìn ìwé orin rẹ̀, àtẹ tí wọ́n fi ń mọ ìdá tó wà nísàlẹ̀ z kọ̀ọ̀kan. Òkè rẹ̀, níbi tí àwòrán tó ń fi ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀ hàn wà, ti ya. Níwájú méjì, ó ka 0.4772.

"Ẹ̀yin ìyá wa," ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "àpò tó gbẹ kò pé méjìdínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù ti tutù."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Màmá Margaret jókòó sórí àpò. Ó wo Ìbílọlá, ẹni tó ń ṣọ́ kòkó lọ́jọ́ tí òjò bá wa níbi ìdánrawò orin.

"Ìwọ ni. O ń gbọ́ orin, òjò ń pa kòkó Ọlọ́run."

"Mo ti fi tapólì bò ó kí òjò tó kán, Màmá."

"Ṣé tíṣà ló wá ń purọ́ fún tapólì rẹ?"

Ìbílọlá tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ sílé.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi dé. Firdaus, ọmọ Alhaji Tahir tó ń ra kòkó, ló sọ̀ kalẹ̀. Màmá kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ọmọ mi, má di ẹrù. Ó ju ìdajì lọ tó tutù. Mi ò ní fi ilé Ọlọ́run tan ẹnikẹ́ni."

Firdaus fọ́ kòkó kan, ó dún pà bí èyí tó gbẹ. Ó gba ìwé náà.

"Tíṣà, níwájú òdo ńkọ́?"

"Òdo ni."

"Òdo ni àárín, ìyẹn méje yín. Tó bá jẹ́ láti ìsàlẹ̀ ni àtẹ yìí ti ń kà, a jẹ́ pé kò sí àpò kankan tí kò tó méje. Ṣé ẹ ò wọn ọ̀kankan tó jẹ́ mẹ́fà?"

Tíṣà tún àtẹ náà wò. Àtẹ tí wọ́n fi kọ́ ọ máa ń kà láti ìsàlẹ̀. Èyí bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ó fi ìdajì tó fò, 0.5, kún un: 0.9772. Àpò tó tutù fi díẹ̀ ju méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó márùn-ún.

Firdaus dá ìwé náà padà fún tíṣà.

"Màmá, ẹ̀bi mi ni," ni tíṣà wí.

"Ìwé ni o kà. Èmi ni mo dájọ́."

Mo tẹ̀ lé Màmá lọ bá Ìbílọlá nílé, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Kòkó gbẹ."

"Mo ti dárí jì yín kí n tó délé, Màmá. Ṣùgbọ́n iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti bá mi wí."

Màmá gba àtẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún mi, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un padà síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò gbé àpò kankan sínú ọkọ̀ títí Màmá fi tún ọ̀rọ̀ náà sọ tán níwájú gbogbo wa.