Ilé Ẹmu Tí Kò Gba Oyè Wọlé

Ó ti lé lógójì ọdún tí ilé ẹmu ìyá Àìná ti wà lẹ́bàá ọ̀nà yunifásítì l'Ádó-Èkìtì, òfin kan ṣoṣo ló sì ní: ẹni tó bá ń wọlé, kó fi oyè rẹ̀ sílẹ̀ níta. Olùkọ́ àgbà ni o, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni o, orúkọ ìlú ẹni ni wọ́n fi ń peni níbẹ̀. Ará Igbemo. Ará Ìkẹ́rẹ́. Ẹ sì kúkú mọ̀ wá l'Ékìtì, kò sóhun tó dùn mọ́ wa lẹ́nu tó oyè ìwé! Ẹni tó bá ṣèèṣì pe ara rẹ̀ ní dókítà, omi lásán ni yóò mu lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìyá kú, Àìná jogún òfin pẹ̀lú bẹ́ńṣì, ibẹ̀ ló sì ti rí owó tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, jíìpù dúró síwájú ibẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébíyìí ló sọ̀ kalẹ̀. Òun ló ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, ó fẹ́ kọ́ ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé síbẹ̀, ó sì ti fún Àìná lóṣù kan kó fi kó jáde.

"Ará Ìyìn, káàbọ̀," ni Àìná wí, torí òun ló ń bu ẹmu fún un nígbà tó ń kàwé. "Jókòó."

Ojú ọkùnrin náà le. "Màmá, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè mí báyìí. Oṣù tí mo fún yín pé lónìí. Ṣùgbọ́n àánú yín ṣe mí. Mo lè fún yín ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú ilé tuntun náà, bí ẹ bá gbà kí n kọ orúkọ mi sẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn olùkọ́ sì ní yàrá tiwọn lọ́tọ̀."

Àìná ro ti òrùlé tí kò ní jò, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i, ká má parọ́. Ló bá wo Bọ́sẹ̀, olùkọ́ físíìsì, tó jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Inú bí Àìná gan-an. Ta ló ní kó wá pín ilé ìyá òun sí méjì? Ó bu omi sínú igbá, ó gbé e fún Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n da omi náà sílẹ̀. Ó kọjú sí àwọn tó jókòó. "Kí lorúkọ yín? Ẹ̀ka wo lẹ wà? Màá fẹjọ́ yín sùn!"

"Ará Igbemo," ni Bọ́sẹ̀ wí.

"Ará Ìkẹ́rẹ́," ni ọmọ tó ń kọ́ wí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe dáhùn, ẹnì kan ò rẹ́rìn-ín.

"Ulẹ̀ lo rà," ni Àìná fi ohùn Èkìtì wí fún un. "O ò rà wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbé bẹ́ńṣì!"

Wọ́n gbé e sọdá títì, síwájú ilé tí Àìná fúnra rẹ̀ ń gbé, níbi tí kò sí òrùlé, tí oòrùn ti ń jóni. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé ibi tí ìyá rẹ̀ ti lo ayé rẹ̀ ti ṣófo, omijé bọ́ lójú rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. Kò nù ún. Ó gbé agbè ẹmu sórí orókún.

"Ta ni kò tíì mu?" ló bèèrè, ohùn rẹ̀ sì dé ìdí jíìpù, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró sí.