Àwo Kì Í Padà Lófìfo

Mariyah, ọmọ ọmọ mi, ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì bí èèyàn ṣe ń jẹ, tó ń mu, tó sì ń lo nǹkan láìfi ayé ṣòfò. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí gèlè mi fi tú. Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń lọ kọ́ ní yunifásítì? Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní púrámárì méjì!

Ṣùgbọ́n inú ọmọ náà kò dùn. Ó ní àwọn ọmọ ń sùn nínú kíláàsì òun, ọ̀gá òun sì ti ní bí wọ́n bá ń sùn bẹ́ẹ̀ títí sáà fi parí, àwọn yóò yọ ẹ̀kọ́ náà kúrò. Ó bẹ̀ mí kí òun kó wọn wá jẹun nílé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ́jọ́ Àlàmísì. Ó ní kí n kàn ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe.

Àwọn ọmọ yunifásítì nílé mi! Orin ni mo fi jí lọ́jọ́ náà. Mo se àdàlú, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Mo wá wo àwọn àwo tánganran mi, èyí tó ti bó, èyí tí wọ́n ti dí ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ojú tì mí. Mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sáré lọ sí Apọ́ngbọ̀n, mo ra àwo rọ́bà tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ó sọ nù, pẹ̀lú omi inú ike kéékèèké. Tábìlì mi ń dán bí ti ọlọ́lá.

Àwọn méjìlá ló wọlé. Mariyah rí tábìlì, ojú rẹ̀ ṣú. Ọ̀kan nínú wọn, Bilqis, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, gbé àwo kan sókè.

"Ma, ṣé kì í ṣe èyí tí ẹ ní ká má lò mọ́ nìyí? Nílé yín náà?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi fi etí ìborùn nu ojú. Ìgbà yẹn ló yé mi: ohun tó kó wọn wá wò gan-an ni mo tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní kí wọ́n má bá olùkọ́ wọn wí, èmi ni mo fẹ́ ṣe fáàrí. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi ń ké, mo fa àwọn àwo mi jáde. Bilqis bèèrè ìdí tí ọ̀dà pupa fi wà nídìí gbogbo wọn. Mo ní kí àwọn àwo náà lè mọ̀nà ilé ni. Bí mo bá bu oúnjẹ ránṣẹ́ sílé Kàmọ́rù, aládùúgbò mi, wọn yóò fọ àwo náà, wọn yóò bu nǹkan sí i kó tó padà, ìbáà ṣe iyọ̀. Èyí tí mo fi lé Bilqis lọ́wọ́, ìyá ọkọ mi ló fi kí mi káàbọ̀ sílé. Ó ti wọ gbogbo ilé àdúgbò wa, kò sọnù rí.

Bilqis yí àwo náà wò títí. "Màmá, ẹ ò ju àwo kankan nù rí?"

"Ibo ni n ó jù ú sí? Bí a bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, ilé ẹlòmíràn ló kàn."

Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo bu àdàlú sí àwo kọ̀ọ̀kan fún wọn, mo ní kí wọ́n kó o padà wá ní Àlàmísì tó ń bọ̀, mo sì kọrin sin wọ́n:

*Àwo mi ti lọ, àwo mi ń bọ̀,*
*Kò ní í bọ̀ lófìfo o.*

Mariyah ní mo ti pàdánù àwo mi nìyẹn. Àyà èmi náà já díẹ̀.

Àlàmísì kejì, Mariyah àti ọ̀gá rẹ̀, tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i bóyá àwo yóò padà, jókòó tì mí. Kí a tó kírun Alásárì, àwo mọ́kànlá ti dé. Àpò tí Tawfiq, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, fi ṣòkòtò gbígbó rán wà nínú ọ̀kan, irúgbìn ata wà nínú òmíràn. Bilqis nìkan ni a ò rí. Ọ̀gá náà ti ń wo aago.

Ìgbà tó yọ, ó ru àwo ìyá ọkọ mi lórí. Gààrí, ẹ̀pà àti àbọ̀ ọṣẹ ló kún inú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó ti wọ yàrá mẹ́jọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣé ọ̀dà pupa yẹn ṣì kù? A ti ra àwo tiwa."

Ọ̀gá náà gba àwo, ó wo ìdí rẹ̀, ó sì bèèrè lọ́wọ́ Mariyah pé ọjọ́ wo ló fẹ́ fún kíláàsì rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀.

Àwo rọ́bà mi ńkọ́? Mo gbin irúgbìn ata náà sínú wọn. Ó ti ń hù.