Ìgbálẹ̀ Àwọn Màmá Oníbàtà Igi

Láti Peckham ní London títí dé ìlú kékeré kan tí a lọ ṣeré, mi ò dá àpárá kan ṣoṣo. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Èmi Roqeeb, tí mo ti pa òkú lẹ́rìn-ín rí ní Forest Hill! Alhaji Kàbírù, bàbá Hameedah tí mo fẹ́ fẹ́, ló jókòó níwájú mi nínú kóòṣì, bọ́ọ̀sì ńlá mọ́ṣáláṣí wa, ẹ̀yìn wọn gbòòrò ju ilé kánsù lọ. Wọ́n ti ní àwọn ò lè fọmọ fún aláwàdà tí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ìrìnàjò yìí ni wọ́n fẹ́ fi wò mí.

Ọdún òdòdó la lọ wò. Àwọn ará Holland ló tẹ ìlú náà dó, àṣà wọn ni wọ́n fi ń ṣọdún. Òdòdó pọ̀, àfi bíi pé òṣùmàrè já lulẹ̀, ó fọ́ yángá.

A sọ̀ kalẹ̀, kí ni mo rí? Àwọn màmá òyìnbó arúgbó, àbúrò pátápátá nínú wọn á ti tó igba ọdún, wọ́n wọ bàtà igi, wọ́n ń fi omi ọṣẹ àti ìgbálẹ̀ fọ títì! Àwọn ọ̀dọ́ dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Orí mi dàrú. Ṣé wọn ò bímọ ni? Mo wo Alhaji. Alhaji ń wò mí.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ọṣẹ. Mo fi òyìnbó bẹ̀ wọ́n: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìgbálẹ̀ yẹn wá."

"Fi sílẹ̀, ọmọ yìí!"

Màmá fà á, mo fà á. Mo gbà á. Òmíràn tún ń gbálẹ̀ lẹ́yìn mi, mo sáré gba tiẹ̀. Kò pẹ́, ìgbálẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún ló wà ní abíyá mi, àwọn onífèrè ọdún gbé fèrè kúrò lẹ́nu, olórí ìlú la ẹnu tí kóòṣì wa lè wọ̀.

Hameedah figbe ta: "Roqeeb, *show* ni! Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é fún àwọn tó wá wòran!"

*Show* kẹ̀? Kí àgbàlagbà máa gbálẹ̀, kí ọmọdé máa wòran? Mo ti bà á jẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn kí Alhaji lè rójú mi bú.

Alhaji ti ká ṣòkòtò sókè, àwọn àti màmá kan ń ja garawa gbà.

"Roqeeb, wá ràn mí lọ́wọ́! Ọwọ́ ìyá yìí le!"

Nígbà tí à ń padà, Alhaji ní, "Sọ fún bàbá ẹ kó wá rí mi lọ́jọ́ Sunday."

"Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní *show* ni, sà."

"Mo gbọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ò mọ *show*."

Ìgbálẹ̀ kan ṣì wà lábẹ́ àga mi nínú kóòṣì. Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀.