Kọ̀ǹpútà Tí Ń Ké Láràárọ̀

"Pa á. Mo ní kí o pa á, Mùjíbátù. Igbe rẹ̀ ti fẹ́ dí mi létí."

Mùjíbátù na ọwọ́, ó pa kọ̀ǹpútà náà. Pí-pí-pí tó ń ti inú rẹ̀ jáde dáwọ́ dúró. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìyànà Ọ̀fà, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń ké báyìí. Ojoojúmọ́ tá a bá tàn án, ẹkún ló fi ń kí wa. Ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó kòkó lọ sí Ìbàdàn lọ́sàn-án yìí. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ yìí lé e, kí ẹni tó tà á fún wa gba ẹrù rẹ̀ padà. Ìwọ náà á lọ sí sítọ́ọ̀ wa ní Akanran. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè kọ̀ǹpútà."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, Yasir ò tíì fi ọmú sílẹ̀. Akanran jìnnà sílé wa."

"Mo mọ̀. Èmi náà bímọ. Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀rọ yìí la ṣe gbà ọ́ síbí."

Bàbá Ṣítù, arúgbó tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló dojú ọ̀rọ̀ kọ. "Ẹ̀rọ mọ ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tí ò mọ iyì àgbà, kí ló máa kàn tí ò ní sunkún?"

Mùjíbátù mọ̀ pé òun ló ń bá wí. Nígbà tí ọyẹ́ kọ́kọ́ dé ni ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka fa ilà sínú eruku orí tábìlì lójú àwọn àgbẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ojú ń dùn yín ni? Kí n má tún rí eruku kankan nínú yàrá yìí mọ́." Láti ìgbà náà, bí ó bá kí bàbá, bàbá kì í jẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, òun náà ò kí i mọ́.

"Ẹ fún mi láyè títí ọkọ̀ á fi dé, sà," ó bẹ ọ̀gá rẹ̀.

"Títí ọkọ̀ á fi dé."

Nígbà tí Adéyẹmí jáde, Mùjíbátù jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ó rántí ohun tí olùkọ́ wọn máa ń sọ nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà: "Bí ó bá ń ké, ẹ má bá a ké. Ẹ yọ àwọn tó so mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń la àwọn ọmọ tó ń jà. Ẹ ó mọ èyí tó dá ìjà sílẹ̀."

Ó yọ wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó tan kọ̀ǹpútà. Pí-pí-pí. Ó pa á, ó yọ wáyà kíbọ́ọ̀dù, ó tún tàn án. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké, bí ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le ti máa ń ké, ó sì panu mọ́.

Ó fa kíbọ́ọ̀dù náà sí itan, ó ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ń ta padà, àfi àwọn kan tó wà ní ìhà ẹnu ọ̀nà. Bó bá ti tẹ̀ wọ́n, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń dúró sí. Ó fi píìnì ìborí rẹ̀ tú ọ̀kan nínú wọn sókè. Ẹrẹ̀ pupa ló bá níbẹ̀, ó ṣì tutù.

Ó ronú títí. Ta ní í pọn omi wá sínú kíbọ́ọ̀dù? Nígbà náà ló gbọ́ ọ nínú yàrá kejì: omi tí ń ta sílẹ̀ láti inú abọ́. Bàbá Ṣítù ń fi omi wọ́n ilẹ̀ kí ó tó gbá a, bí ìyá Mùjíbátù ti kọ́ òun náà nílùú wọn, Ìrókò: nígbà ọyẹ́, ẹni tó bá gbálẹ̀ gbígbẹ, eruku ló ń kó fún ará ilé jẹ.

Ó gbé píìnì náà lọ bá a. "Bàbá, ṣé ẹ máa ń ṣí aṣọ orí ẹ̀rọ kí ẹ tó wọ́n omi?"

"Ìta ni mo ti ń gbọ̀n ọ́n. Ṣé kí n gbọ̀n ọ́n sínú ilé ni? Ṣebí ìwọ lo ní o ò fẹ́ rí eruku. Mo ń wọ́n ọn dé ara ògiri báyìí, kí ẹnu rẹ lè sinmi." Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ẹrẹ̀ ẹnu píìnì náà. "Omi mi nìyẹn?"

"Omi yín ni."

Bàbá gbé abọ́ náà mọ́ àyà. Oṣù díẹ̀ péré ló kù kí ó fẹ̀yìn tì. "Bí o bá fẹ́ sọ, lọ sọ. Mi ò ní bẹ̀ ọ́."

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Mùjíbátù sáré padà. Ó fi òwú nu ẹrẹ̀ náà títí àwọn bọ́tìnnì fi ń ta padà, ó so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ẹ̀rọ, ó tàn án. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Adéyẹmí wọlé pẹ̀lú alábàárù méjì.

"Ó ti dákẹ́? Kí ló ṣe é?"

"Ẹrẹ̀ ló dì sábẹ́ bọ́tìnnì, sà."

"Ẹrẹ̀ ti ibo dé ibẹ̀?"

Bàbá Ṣítù ti dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ahọ́n Mùjíbátù, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi omi pa gbogbo eruku yàrá yìí, sà. Mi ò sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ bo ẹ̀rọ."

"Ìwọ lo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

Adéyẹmí wo Mùjíbátù, ó wo bàbá. "Ó dáa. Bí ó bá tún ké lọ́la, Akanran tààrà. Mi ò ní gbọ́ àlàyé." Ó kó àwọn alábàárù lọ sídìí kòkó.

"Ta ló bẹ̀ ọ́?" Bàbá Ṣítù bi í.

"Ẹnì kankan ò bẹ̀ mí. Inú ṣì ń bí mi sí yín, Bàbá."

"Inú ń bí èmi náà." Ó gbé abọ́ omi rẹ̀ síta, ó padà wọlé, ó di etí kan tábìlì kọ̀ǹpútà náà mú. "Di ìhà kejì, Ìyá Yasir. Jẹ́ ká sún un mọ́ igun ọ̀hún, kó jìnnà sọ́wọ́ mi."

Mùjíbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ìhà tirẹ̀ mú, wọ́n sì gbé e.